Òkè Kozjak Ń Lanu

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Keje

Gašper kò tíì jókòó tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ni, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́ àwa agunkè, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ló jẹ́ ọ̀gá mi. Ó ní kí n yí adágún po pátá kí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án tó dé: òkè márùn-ún, àti ọrùn òkè méjì, ibi tí ọ̀nà ń gbà rékọjá láàárín òkè. Kí n tún àmì ojú ọ̀nà kùn níbi gbogbo tó bá ti ṣá.

"Ènìyàn igba ó lé méjìlá ló ti forúkọ sílẹ̀ fún eré ìje Òrùka Adágún," ló wí. "Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á fẹsẹ̀ gun òkè, wọ́n á tún gun kẹ̀kẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnì kankan sọnù."

"Ta ló máa bá mi pín lẹ́tà?"

"O ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o kò tíì lò."

Tine ọkọ mi ló tú àṣírí yẹn. Èmi àti ẹ̀ máa sọ ọ́.

Agolo ọ̀dà pupa kan ti di yúrò méjìdínlógún. Mẹ́rìnlá ni lọ́dún tó kọjá.

Àbámẹ́ta, 8 oṣù Keje

Ọrùn Vrata, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí kẹ̀kẹ́. Kọ́nà mẹ́rìnlá. Ní ìkọkànlá ni orúnkún mi òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, mo sì sọ fún un pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ló gbé e, kó fara balẹ̀. Mo fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, mo fẹsẹ̀ gun Plešec. Yìnyín ṣì wà nínú kòtò ìhà àríwá. Mo kun àmì mọ́kànlélógún, òbìrìkítí pupa, funfun láàárín, bí bàbá wa ṣe kọ́ mi. Ọwọ́ mi ṣì gbóòórùn ọ̀dà bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù Keje

Ìhà Škrbina lónìí, ọrùn kejì. Ọ̀nà ọkọ̀ parí lẹ́yìn igbó, mo gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì yà kí Mama Cilka ní ahéré rẹ̀ lábẹ́ òkè Kozjak. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, òun nìkan pẹ̀lú màlúù mẹ́sàn-án àti wàràkàṣì rẹ̀ tó ń rùn dé ojú ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mama."

"Jerca, ṣé lẹ́tà lo gbé wá àbí ọ̀dà?"

"Ọ̀dà ni."

"Ó dáa. Lẹ́tà kì í mú ire wá fún arúgbó." Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ìdí orísun omi rẹ̀. Omi tí mo ti ń mu láti kékeré, tó mọ́ bí ojú ọmọ ọwọ́, ń jáde bíi tíì tí wọ́n da wàrà sí. "Ọjọ́ kẹta rèé," ló wí. "Òkè yẹn ń fọ inú rẹ̀. Àwọn màlúù ò mu ún. Èmi náà ò mu ún."

Mo gòkè sí i. Níbi tí ọ̀nà ti gba abẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Kozjak kọjá, mo gbójú sókè, mo sì rí ìlà kan nínú koríko, bíi pé ẹnìkan fi ọkọ́ fà á. Mo gun dé ibẹ̀. Kì í ṣe ọkọ́ ló fà á. Ilẹ̀ ló sán. Ìka mi mẹ́rin wọ inú rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e ní igba ìṣísẹ̀, kò sì tíì tán. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ìlà yẹn, koríko, òkúta àti igi kéékèèké, orí ọ̀nà wa ló dojú kọ.

Mo kan ìṣó gígùn méjì mọ́lẹ̀, ọ̀kan lókè ìlà, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo fi tépù ìránṣọ wọn àárín wọn. Sẹ̀ǹtímítà 61.

Àìkú, 16 oṣù Keje

Mo lọ bá Gašper ní ilé àlejò rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ó ń gé búrẹ́dì fún àwọn ará Jámánì kan.

"Kozjak ti sán," ni mo wí.

"Kozjak ti ń sán láti ìgbà tí bàbá wa ti wà ní ṣòkòtò péńpé. Òkè ni, Jerca, kì í ṣe àwo tánńganran."

"Ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀."

"Ọwọ́ rẹ kéré." Ó rẹ́rìn-ín, àwọn ará Jámánì náà rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Má sọ ọ́ nígboro. Mo bẹ̀ ọ́."

Ìṣẹ́gun, 25 oṣù Keje

Ìjì, yìnyín wẹ́wẹ́ tó tó ẹyin ẹyẹlé. Ó fọ́ gíláàsì ilé ẹ̀fọ́ mi. Tòmátì mẹ́ta ló kù.

Àárín ìṣó: 63 àti ààbọ̀.

Ọjọ́rú, 2 oṣù Kẹjọ

66.

Àìkú, 6 oṣù Kẹjọ

Tjaša, ọmọ Gašper, bá mi lọ. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún, ó sì fẹ́ wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú Òrùka. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Ti èmi, kẹ̀kẹ́ ìpínlẹ́tà tó ní agbọ̀n níwájú.

"Àǹtí, ẹsẹ̀ yín ń yí, kẹ̀kẹ́ ò lọ. Ṣé ata ni ẹ̀ ń lọ̀ ni?"

"Máa lọ. Tó o bá débẹ̀, kó o bá mi gbé omi kaná."

Ẹ̀rín yẹn dé orí òkè pẹ̀lú wa. Lẹ́yìn náà, mo fi ìlà náà hàn án. Ó kúnlẹ̀, ó sì tẹ́tí sínú rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, òkúta kéékèèké ń já, ọ̀kan, ó dúró díẹ̀, òmíràn. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ jáde látinú rẹ̀, nínú ooru oṣù Kẹjọ.

"Ṣé Dádì ti rí i?"

"Mo ti sọ fún un."

"Mi ò bi yín bóyá ẹ sọ fún un."

"Kò tíì wá."

Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀. Ó ní òun á ṣì sá eré náà. Ó ní bí ọmọ alága bá fà sẹ́yìn, ojú wo ni bàbá òun á fi wo àwọn ènìyàn? Mo fa tépù yọ. 67.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Kẹjọ

Ohun ìyanu: Gašper pe ọ̀mọ̀wé kan láti Ljubljana, ẹni tó mọ̀ nípa òkúta. Tjaša ló fi dandan mú un, mo mọ̀. Ọkùnrin náà wo ìlà fún wákàtí kan, ó ya fọ́tò, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní àwọn ohun èlò òun ò ní ráyè kí oṣù Kẹwàá tó dé.

"Kí lẹ rò nísinsìnyí?" ni Gašper bi í.

"Ó lè dúró ní ọdún mẹ́wàá. Ó sì lè wó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo rí i lójú ẹ̀gbọ́n mi pé ọdún mẹ́wàá ló gbọ́. Èmi gbọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹnu kan náà ló sọ méjèèjì.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Kẹjọ

Òjò ọjọ́ márùn-ún. Adágún ti gun ẹsẹ̀ afárá. Lónìí tó dá, mo gbé owó ìfẹ̀yìntì Mama Cilka lọ fún un. Orísun omi rẹ̀ ti gbẹ. Òjò ọjọ́ márùn-ún, orísun sì gbẹ!

"Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀, Mama. Yàrá kan wà lọ́dọ̀ wa."

"Àwọn màlúù mi ńkọ́? Ṣé Tine máa fún wọn ní bẹ́ẹ̀dì?"

"Mama, mi ò ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Koríko ṣì wà. Ní oṣù Kẹsàn-án ni à ń kó màlúù sọ̀, oṣù Kẹsàn-án ni màá sọ̀."

74. Ìṣó ìsàlẹ̀ ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ kí ọba.

Àìkú, 27 oṣù Kẹjọ

Ìpàdé ẹgbẹ́. Mo kó àwọn òǹkà mi wá lórí ìwé. Mo ní kí a yọ Kozjak àti Škrbina kúrò nínú eré náà, kí a gba ojú ọ̀nà igbó nísàlẹ̀. Kìlómítà méje ló máa fi gùn sí i.

"Ká tún máa wá sọ fún igba ènìyàn pé a yí i padà nítorí ìṣó méjì?" Gašper ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ọ̀mọ̀wé tìkára rẹ̀ ò ní ká pa á tì."

"Kò ní ká gbà á náà."

"Ìwọ, kí lo mọ̀ nípa òkúta? Lẹ́tà lo mọ̀ ọ́n pín. Pín lẹ́tà."

Kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Wọ́n nawọ́: mẹ́sàn-án sí méjì. Èmi àti Matevž oníbúrẹ́dì ni méjì náà, Matevž sì ti ń gbèrò àtilọ bí wọ́n ṣe ń kà á.

Mo gun kẹ̀kẹ́ délé. N ò sunkún. Atẹ́gùn ni.

Ẹtì, 1 oṣù Kẹsàn-án

Mo ti ṣe é. Òwúrọ̀ mẹ́ta ló gbà mí, aago márùn-ún sí mẹ́jọ, kí n tó lọ pín lẹ́tà. Láti ìdí igbó dé Škrbina, mo fi ọ̀dà eléérú bo gbogbo àmì mọ́lẹ̀, ogójì ó lé mẹ́rin. Bàbá wa ló kọ́kọ́ kun púpọ̀ nínú wọn. Lórí òkúta ńlá kan, ọ̀dà tèmi kò fẹ́ mú, pupa rẹ̀ ń yọ jáde ṣáá, mo sì ń kùn ún, mo ń kùn ún. Lẹ́yìn náà mo kun àmì tuntun sí ojú ọ̀nà igbó.

Tine bi mí ìdí tí ọwọ́ mi fi ní eérú. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó wá ní, "Ó yẹ kó o ti jẹ́ kí n bá ọ gbé agolo."

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹsàn-án

Gašper ti mọ̀. Ó dúró sí ojúde wa, kò fẹ́ wọlé.

"O pa iṣẹ́ bàbá rẹ rẹ́."

"Mo pa á rẹ́."

"Ọjọ́ márùn-ún ló kù. N ò lè rí ẹni tó máa kùn ún padà, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó o fi dúró di ìsinsìnyí. Ó dáa. A máa gba ojú ọ̀nà igbó rẹ. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ìwọ kọ́ lò ń tọ́jú àmì mọ́. Má sì wá sí ilé mi."

"Gašper."

Ó ti lọ.

Àbámẹ́ta, 9 oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ tó dára jù lọ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Oòrùn, atẹ́gùn fẹ́ẹ́rẹ́, adágún ń dán bí ojú ológbò. Wọ́n kọjá níwájú ilé wa lórí kẹ̀kẹ́, gbogbo wọn, aṣọ wọn bí òdòdó. Mo wo Kozjak láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò mira. Òkúta kan kò já.

Tjaša ṣe ipò kẹta. Mo gbọ́ ariwo rẹ̀ láti òdìkejì adágún.

Ọlọ́run dárí jì mí, apá kan nínú mi ti ń retí kó wó.

Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kẹsàn-án

Níbi gbogbo tí mo bá ti gbé lẹ́tà dé ni. "Jerca, òkè rẹ dà?" "Jerca, ṣé kí n gbé agboorùn dání?" Matevž oníbúrẹ́dì pàápàá bi mí bóyá ojú ọ̀run náà ti sán. Mo ra búrẹ́dì mi, mo ka ṣéńjì, mo lọ. N kò gòkè lọ wọn ohunkóhun mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹsàn-án

Mama Cilka sọ̀ kalẹ̀, òun àti màlúù rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó ní ìlẹ̀kùn ahéré òun kò tì mọ́, àgbékọ́ rẹ̀ ti yẹ̀. Ó ní nítorí ìlẹ̀kùn lòun ṣe wá, kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ mi. Mo gbé àpò rẹ̀ wọlé. Fún alẹ́ òní, mo ro ògì àgbàdo líle fún un pẹ̀lú wàrà kíkan, bí ó ṣe fẹ́ ẹ. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó.

Ẹnì kan ti kúrò lábẹ́ òkè yẹn.

Ọjọ́rú, 20 oṣù Kẹsàn-án

N kò lè kọ ọ́ ní àná, mo ń kọ ọ́ lónìí.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, bí mo ṣe padà láti ibi ìpínlẹ́tà, ìlẹ̀kùn ilé ìkóǹkansí wa ṣí sílẹ̀. Agolo ọ̀dà méjì, pupa àti funfun, àti búrọ́ọ̀ṣì ńlá kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Gašper ló kó wọn," ni Tine wí. "Ó ní àwọn arìnrìn-àjò ìgbà ìwọ́wé ń bọ̀, wọ́n á sọnù. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ń lọ dá iṣẹ́ bàbá yín padà."

"O sì kó wọn fún un?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Kí ni kí n ṣe, kí n bá a jà?"

Mi ò bọ́ aṣọ iṣẹ́. Mo tún fò sórí kẹ̀kẹ́, agbọ̀n lẹ́tà ṣì wà níwájú. N kò gun ọ̀nà yẹn bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo dìde lórí pẹ́dálì ní gbogbo kọ́nà, ọ̀fun mi ń jó, mo ń pè é lórí fóònù, fóònù ń dún, kò gbé e. Nínú igbó, àwọn ẹyẹ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ mi dúró fúnra rẹ̀.

Ìró tó tẹ̀ lé e kò dà bí àrá. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń da èédú láti inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò parí. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ táyà mi. Eruku gbá wọ inú igbó bí èéfín, mo fi ẹ̀wù bo imú. Nígbà tó kọjá, etí mi ń hó.

Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà ní òpin ọ̀nà ọkọ̀, ó fi í ti igi, jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó ká a dáadáa. Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo fẹsẹ̀ gun òkè. Àmì àkọ́kọ́ wà lórí òkúta, pupa, funfun láàárín, ó ṣì tutù. Mo fọwọ́ kàn án, ó sì lẹ̀ mọ́ ìka mi. Èkejì lára igi. Ẹ̀kẹta. Ó ń kùn ún dáadáa, ó máa ń kùn ún dáadáa jù mí lọ. Mo tẹ̀ lé wọn, mo ń pè é, ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà. Lẹ́yìn èkeje, kò sí ọ̀nà mọ́. Kò sí koríko, kò sí ahéré Mama Cilka. Òkúta ni, láti ibi tí mo dúró sí títí lọ, eruku ń yọ jáde láàárín wọn bí èémí.

Ẹtì, 22 oṣù Kẹsàn-án

Àwọn adóòlà tó ń wá Gašper kò gbọdọ̀ wọlé níbẹ̀. Òkè ṣì ń já. Ajá wọn jókòó ní ẹ̀bá, ó ń ké.

Àbámẹ́ta, 30 oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n rí i ní Ọjọ́rú. A sin ín lónìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Òjò.

Àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ń gbá mi lọ́wọ́ mú nísinsìnyí. "O sọ ọ́, Jerca. Ìwọ nìkan lo mọ̀." Mo fẹ́ kí wọ́n padà sí yẹ̀yẹ́ wọn.

Tjaša dúró títí gbogbo wọn fi lọ. Ó sún mọ́ mi, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń bèèrè aago:

"Ká ní ẹ ò bo àwọn àmì yẹn, kí ni ì bá gbé e lọ síbẹ̀?"

Èmi náà ti ń bi ara mi ní ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ tí òkè wó, nínú ilé, lórí kẹ̀kẹ́, nínú ilé ìjọsìn. Òkè kò wó ní ọjọ́ eré. Ká ní mo fi àwọn àmì sílẹ̀, àwọn olùdíje ì bá ti sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀, wọn ì bá padà délé, ẹ̀gbọ́n mi ì bá sì wà nídìí tábìlì rẹ̀, ó ń gé búrẹ́dì. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Kẹwàá

Ọ̀mọ̀wé náà dé pẹ̀lú àwọn ohun èlò rẹ̀. Ó ní apá kejì Kozjak náà ti sán. Wọ́n ní kí a ti gbogbo ìhà Škrbina pa, kí a kun àmì ìdènà sí gbogbo igi láti ìdí igbó wá. Ẹgbẹ́ ní èmi ni kí n ṣe é. Mo kọ̀. Wọ́n ní ta ni kó wá ṣe é?

Àìkú, 8 oṣù Kẹwàá

Aago mẹ́fà àárọ̀, otútù ti ń ta. Mo ti di agolo mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo sì ń jáde, ni mo rí Tjaša ní ẹnu ọ̀nà wa. Ó gbé kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n gbà padà ní òpin ọ̀nà ọkọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kan wà nínú àpò rẹ̀.

"Mo ń bínú sí yín," ló wí. "Kò tíì tán."

"Mo mọ̀."

"Mi ò mọ ìgbà tó máa tán."

"Mo mọ̀, Tjaša."

"Ẹ kun apá ọ̀tún. Èmi á kun apá òsì."

A gun ọ̀nà náà lọ. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń rá bí ìgbín lórí kẹ̀kẹ́. Ó lè fi mí sílẹ̀ kó sì ti débẹ̀ tipẹ́. Àmọ́ ní gbogbo kọ́nà, bí mo bá ti yọ, mo ń bá a níbẹ̀, ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó kọ ojú sí adágún, kò wò mí. Bí mo bá ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ báyìí, á tún gun un lọ.